Ẹ̀bùn Ọkọ Mi, Iṣẹ́ Ọwọ́ Mi

Ọkọ mi kì í ṣe ahun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn àwọn ẹ̀bùn tó fún mi nígbà tí a ń gbé Lọ́kọ́ja, ńṣe ni àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọwọ́ rẹ̀ ló há. Ìbá ṣe pé ahun ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa bá a gbé. Ahun kì í rà, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọkọ tèmi a máa rà. Owó gidi ni yóò ná, yóò gbé nǹkan náà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, yóò sì dúró tì mí kí n dúpẹ́. Bí mo bá wá tú u, korobá ni.

Òun ló ń tọ́jú sitóò ní iléeṣẹ́ ìjọba kan tí ń ṣe ọ̀nà. Ṣọ́bìrì, táyà, ìṣó, ọ̀dà, gbogbo rẹ̀ ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan níbẹ̀ á kọ̀wé, á sọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe. Bí kò bá rí iṣẹ́ sọ, kò ní í rí nǹkan gbà. Orí tó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí náà ló ń gbé bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́. Bí a bá jọ ń kọjá lọ́jà, tí mo ní kó wo nǹkan kan tó dára, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?" Ọmọ Yàgbà ni. Èmi, Ìjùmú ni wọ́n bí mi sí. Tíṣà ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yàrá méjì àti pálọ̀ kan la sì háyà ní àdúgbò Gadumo.

Ìgbà ogun abẹ́lé ni mo bí àkọ́bí wa. Sójà kún etí omi, àwọn tó ń sọdá àti àwọn tó ń bọ̀, ariwo mọ́tò wọn kò sì jẹ́ kí ọmọ náà sùn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wa dé láti ọsibítù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ mi dé lórí kẹ̀kẹ́, ó fi okùn di ẹrù kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tú u lójú gbogbo ará ilé. Korobá irin ńlá méjì ni, ọ̀kan wọnú èkejì, tọmọrí tọmọrí.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ̀bùn rẹ nìyí. O kú ewu ọmọ."

Ìyá rẹ̀ tó wá tọ́jú mi fi ìka kan ìdí korobá náà, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó sì fò sókè, ó kí i bí a ṣe ń kíni nílé. "Ọ̀kun o, ọmọ mi! Ọ̀kun o! Ọkọ gidi nìyí. Bàbá rẹ kò ra abọ́ fún mi rí."

Àwọn obìnrin yòókù nínú ilé fọwọ́ kàn án níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní irin gidi ni, wọ́n ní kò lè jò láéláé. Èmi tí wọ́n rán mi lára ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, mo di ògiri mú, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ ó pẹ́ fún wa." Ọjọ́ kejì ni mo ti ń fi ọ̀kan gba omi, tí mo ń fi èkejì fọ nápíkìn. Mo ń fọ̀ ọ́, mo ń wo ọwọ́ mi, mo sì ń rò ó pé bí ọ̀gá kan bá ra ọkọ́ fún lébìrà rẹ̀, ṣé lébìrà náà máa ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ ni?

Nígbà tí mo yege ìdánwò tíṣà Gíréèdì Túù, èyí tí mo fi oyún kejì sínú ka ìwé rẹ̀, áyọ́ọ̀nù ni mo rí gbà. Áyọ́ọ̀nù èédú ni, oníirin, tó wúwo bí ọlọ. Kakí ni ọkọ mi ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó sì fẹ́ kí etí ṣòkòtò rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ẹ wo ọgbọ́n orí ọkùnrin: èmi ni mo ṣe ìdánwò, ṣòkòtò rẹ̀ ló gba ẹ̀bùn.

Kì í ṣe òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Tíṣà ọkùnrin kan níléèwé wa ra ìgbálẹ̀ onígi gígùn fún ìyàwó rẹ̀ nígbà ọdún Àjíǹde, ó sì fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ròyìn rẹ̀ fún wa bí ẹni pé ilé ló kọ́ fún un. Ó ní ẹ̀yìn kò ní í máa ro ìyàwó òun mọ́. Mo bi í pé ṣé òun náà yóò máa gbálẹ̀ nígbà tí kò ti sí ẹ̀yìn ríro mọ́. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èdè Núpé tí kò gbọ́ ọ rí.

Lẹ́yìn èyí ni ọdún tí ìjọba fi owó kún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́, tí wọ́n sì san ti ọ̀pọ̀ oṣù tó ti kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlú dàrú. Àwọn kan ra alùpùpù, àwọn kan gbé ìyàwó lé ìyàwó. Ọkọ mi kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó yá, ó ní kí n má tètè kúrò níléèwé ní ọjọ́ Ẹtì, pé òun ní ohun kan tí òun fẹ́ fi yà mí lẹ́nu.

N kò ní í purọ́, mo gbà á gbọ́. Léèsì aláwọ̀ aró kan wà ní ṣọ́ọ̀bù Àlájà kan ní Lọ́kọ́ja àtijọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni Àlájà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Ìlọrin ni àwọn bàbá rẹ̀ ti wá tajà, wọn ò sì padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fọwọ́ pa aṣọ náà lójú ọkọ mi. Mo rò pé ó rí mi. Ní ọjọ́ Ẹtì náà, kí n tó kúrò níléèwé, mo bọ́jú, mo tún ìdí gèlè mi ṣe nínú dígí kékeré tó wà nínú báàgì mi. Títí di òní, bí mo bá rántí pé mo bọ́jú yẹn, ojú a tì mí.

Fírísà ni mo bá ní pálọ̀. Ó gùn bíi pósí. Wọ́n ti kó àga méjì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí àyè lè gbà á. Lára ògiri tó kọjú sí títì, ọkọ mi ti kan pákó kan mọ́ ọn, ó sì ti fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà: YÌNYÍN WÀ NÍBÍ.

"Tíṣà, wò ó!" Ó ṣí i, ó tún pa á dé. "Wàá máa ṣe yìnyín tà. O ò ní í máa jókòó lásán nírọ̀lẹ́ mọ́."

Lásán. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ nígbà náà, ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi sì wà lórí tábìlì tí mo fẹ́ máàkì. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ti pé sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wojú mi. Mo tún kúnlẹ̀.

Bí mo ṣe di oníyìnyín nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, Núpé, Ígálà, Ẹ̀bìrà, wọ́n á máa kan wíńdò: "Màdáámù, áìsì dè?" Wọ́n fẹ́ fi tọ́jú ẹja tí wọ́n ń kó lọ sọ́nà jíjìn. Èmi ni mo ń pọnmi, èmi ni mo ń bù ú sínú àwọn abọ́ rọ́bà, èmi ni mo ń fi àdá ṣá a kúrò. Bí iná bá lọ, omi á ṣàn láti pálọ̀ dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọ iléèwé mi sọ mí ní Tíṣà Oníyìnyín. Ọkọ mi á dé nírọ̀lẹ́, á mu omi tútù, á na ẹsẹ̀, á ní, "O rí i bí nǹkan yìí ṣe wúlò tó?"

Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ogójì ọdún ń bọ̀, mo pinnu láti san án fún un. Mo fẹ́ kó mọ bó ṣe máa ń rí. Mo lọ bá àwọn tó ń ta nǹkan ilé kíkọ́, mo ra bárò kan, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń ti yanrìn. Mo gbé e pamọ́ sílé àwọn aládùúgbò, mo fi aṣọ tábìlì funfun bò ó. Lọ́jọ́ náà, àwọn ará iléeṣẹ́ wọn wá, alàgbà ìjọ wa wá, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n gbàdúrà. Ọkọ mi wọ agbádá funfun. Mo ní mo fẹ́ fún baálé mi ní ẹ̀bùn. Wọ́n ti bárò náà wá láti ilé aládùúgbò, mo sì ṣí aṣọ orí rẹ̀.

Mo ń wo ojú rẹ̀. Mo ń dúró de ìtìjú.

Ó wo bárò náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ yí táyà rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, omi ti lé ròrò sí i lójú. "Ta ló sọ fún ọ?" ó ní. "Tíṣà, ta ló sọ fún ọ pé ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí nìyí?" Ló bá ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó di ọwọ́ bárò mú, ó sì tì í yí àgbàlá po lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará iléeṣẹ́ ń pàtẹ́wọ́. Alàgbà ní aya ọlọ́gbọ́n ni mí.

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó sọ òkò lu ènìyàn, tí onítọ̀hún mú òkò náà, tó ní obì tó dára ni. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọkùnrin yìí kò fi mí ṣẹ̀sín rí. Ó gbà lóòótọ́ pé bí a ṣe ń fẹ́ ènìyàn nìyẹn. Ẹ̀gàn tí mo ní fún un kò dín kù nítorí ìyẹn o. Ó pọ̀ sí i. Ènìyàn burúkú ṣì ń ronú kó tó ṣe ọ́ ní ibi; ọkọ tèmi kò ronú rárá.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo ń bọ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ omi pẹ̀lú garawa lórí, ó sì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn.

"Mo ti ronú sí i," ó ní. "Bárò yẹn, wàá lè máa fi ti omi fún fírísà. Garawa mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ọrùn rẹ á sinmi."

Mo sọ garawa kalẹ̀. Omi dà sí mi lẹ́sẹ̀.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," mo ní, "lọ́jọ́ tí mo bá kú, pósí tó ṣeé fi ṣe tábìlì ni kí o rà, kí owó má bàa ṣòfò."

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, n kò pè é ní "ìwọ" rí. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mo ń bá wí.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ ni. Ìwọ tí o fún mi ní korobá nígbà tí mo bímọ, tí o fún mi ní áyọ́ọ̀nù nígbà tí mo yege. Èwo nínú wọn ni tèmi? Èwo ni mo lè gbé kalẹ̀ kí n jókòó tì í?"

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe: ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú bírò jáde. "Kí lo fẹ́, Tíṣà? Sọ ọ́, kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo gbọ̀nà ọ̀dọ̀ Àlájà lọ. Mo sunkún fún un láàárín àwọn aṣọ rẹ̀. Mo rò pé yóò káàánú mi.

"Ṣé o ti dá ọ̀kankan padà rí nínú wọn?" ó bi mí.

"Rárá, mà."

"O kúnlẹ̀ fún un?"

"Mo kúnlẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. "Ọmọ mi, ọkùnrin tí o bá kúnlẹ̀ fún nítorí korobá, ṣé góòlù ló máa rà nígbà mìíràn? Ìwọ lo kọ́ ọ. Tíṣà ni ọ́ lóòótọ́."

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú nítorí pé òótọ́ ni. Mo ti ń fojú tín-ín-rín wo ọkọ mi fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ń ṣe é ní kọ̀rọ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Kí ni irú ìwà bẹ́ẹ̀? Ọmọ iléèwé tó bá ṣi ìṣirò ṣe, bí mo bá fi tíkì sí i, tí mo wá ń bú u nínú yàrá àwọn tíṣà, ta ni ọ̀dẹ̀ láàárín àwa méjèèjì?

Ní ọdún Kérésì kejì lẹ́yìn èyí, ó gbé ìkòkò márùn-ún wálé, ti álúmù, tí wọ́n wọnú ara wọn láti ńlá dé kékeré. Ó tò wọ́n sílẹ̀ ní pálọ̀, ó dúró. Àwọn ará ilé ti ń yọjú.

"Ẹ ṣé," mo ní. Mo wà lórí ìjókòó mi. "N kò gbà á."

"O ò gbà á báwo?"

"Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Bí ilé bá nílò ìkòkò, ẹ jẹ́ ká fi owó oúnjẹ rà á, kí a pè é ní ìkòkò. Ẹ má pè é ní ẹ̀bùn mi."

Obìnrin kan láti yàrá kejì pariwo, "Èèwọ̀! Kó wọn fún èmi." Mo ní kó bá ọkọ tirẹ̀ sọ ọ́. Ọkọ mi tún àwọn ìkòkò náà kó wọnú ara wọn, ó gbé wọn lé orí kẹ̀kẹ́, ó sì jáde. Ó tó ọjọ́ mẹ́rin kí a tó sọ̀rọ̀ tó ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé pé òun gbọ́ pé mo ti ya wèrè.

Àlájà ló sọ èyí tó tẹ̀ lé e fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní ọkọ mi wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, ó dúró láàárín àwọn aṣọ bí màlúù tó ṣìnà wọ mọ́ṣáláṣí. Ó béèrè aṣọ tí kì í ṣá, tó lágbára, tí ìdọ̀tí kì í tètè hàn lára rẹ̀.

"Ọ̀gá," Àlájà bi í, "ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ fi bò ni?"

Ó ní rárá, ìyàwó òun ni. Ó wá béèrè pé kí ni ìyàwó òun máa ń fẹ́ nígbà tó bá wá síbẹ̀. Àlájà ní òun mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun kò sọ. "Mo ní, èmi kọ́ ni mo fẹ́ ẹ. Ẹ lọ sílé, kí ẹ lọ máa wò ó."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí. Mo kọ́kọ́ rò pé ara rẹ̀ kò yá. Bí mo bá ń dáná, á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, á máa wò. Bí mo bá ń di irun ọmọ, á máa wò. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó gbé nǹkan kékeré kan lé tábìlì iwájú mi, wọ́n fi bébà pupa wé e. Ìgò lọ́fíńdà ni, kò ju àtàǹpàkò lọ.

Mo bi í pé báwo ló ṣe mú èyí.

"Agolo pọ́dà ọmọ," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Mo rí ọ. O máa ń ṣí i, wàá gbóòórùn rẹ̀, wàá pa á dé. O kì í bu nǹkan kan níbẹ̀. Mo rí i lẹ́ẹ̀mẹrin."

Èmi fúnra mi kò mọ̀ pé mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ìgò náà, mo fi díẹ̀ sẹ́yìn etí, mo wọ bàtà mi, mo sì bọ́ sí títì. N kò lọ ra nǹkan kan. Mo rìn dé ọ̀nà etí omi, mo kí àwọn ènìyàn, mo rìn padà. N kò kúnlẹ̀ fún un. Nígbà tí mo wọlé, mo ní, "Ẹ ṣé. Èyí dára," mo sì rí i pé ó dùn mọ́ ọn ju gbogbo ìkúnlẹ̀ tí mo ti ń kúnlẹ̀ lọ. Ó dùn mọ́ èmi náà. Síbẹ̀, ẹ bá mi rò ó: ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni odidi ọkùnrin tó mọ iye ìṣó tó wà nínú àpótí fi ń bá mi gbé kó tó rí i pé mo ní imú.

Mo ta fírísà náà fún obìnrin ẹlẹ́ja kan tó jẹ́ Núpé, ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe gan-an. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó béèrè bóyá mo kọ rìsíìtì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ra yẹtí fún mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì mú mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òdìkejì odò lọ́jọ́ kan láì ní iṣẹ́ kankan tí a fẹ́ jẹ́ níbẹ̀. Ó tún ra fáànù kan tí mo dá padà, àti àkàsọ̀ kan, àkàsọ̀ o, tí mo dá padà pẹ̀lú.

Ní ọdún tí wọ́n sọ Lọ́kọ́ja di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun, tí owó ilé wọ́n, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ sì ń rọ́ wọlé láti ibi gbogbo, wọ́n gbé tíṣà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó wá síléèwé wa. Àdúgbò Karaworo ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Lọ́jọ́ kan, ó wọ yàrá àwọn tíṣà pẹ̀lú ayọ̀, ó ní ọkọ òun ti ra ẹ̀rọ ìlọta oníná fún òun nítorí pé ìgbéyàwó àwọn pé ọdún kan. Gbogbo wọn hó yèè. Wọ́n ní ọkọ gidi ni, wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó kú.

Mo gbé bírò pupa mi kalẹ̀. "Ta ló ń lọ ata nílé yín?" mo bi í.

"Èmi ni, mà."

"Ta ló ń jẹ ẹ́ jù?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Àwọn yòókù ní ọ̀rọ̀ mi ti le jù, pé kí n má ba ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mo padà sídìí ìwé tí mo ń máàkì. Obìnrin náà kò kí mi mọ́ títí sáà ìwé yẹn fi parí. Bó bá pàdé mi lọ́nà yàrá kíláàsì, á yí ojú sí ògiri, á kọjá, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa rùn fún ata.